Ta Ni Ó Di Káméra Mú? Àgbéyẹ̀wò Fíìmù Ìdílé Lójú Ọ̀nà Amẹ́ríkà

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ fíìmù nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ àwọn olùdarí tí orúkọ wọn ti rìn jìnnà ni a sábà máa ń gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ya á kì í ṣe oníṣẹ́ sinimá. Baálé ilé àti ìyàálé ni wọ́n, ẹni tó fi owó ìpamọ́ ra káméra kékeré, tó kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, tó sì dorí ọkọ̀ kọ ìwọ̀-oòrùn láti etí òkun Àtìláńtíìkì títí dé Kalifọ́níà. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní fíìmù ìdílé. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pọ̀ nínú àpótí àwọn òkú, nínú àjà ilé, àti lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù.

Rick Prelinger, ará San Francisco, ti ń kó fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn dà nù jọ láti ọdún pípẹ́. Ní ọdún 2002, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àkójọ rẹ̀ sí ìkáwọ́. Ní ọdún 2013 ó fi àwọn fíìmù ìdílé tí ó ní lọ́wọ́, èyí tó tó 9,000, ṣe iṣẹ́ kan tó pè ní No More Road Trips? Ìbéèrè ni àkọlé náà: ṣé ìrìnàjò ojú ọ̀nà ti dópin ni? Ìbéèrè tèmi yàtọ̀ sí ti Prelinger. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan nígbà tí àwòrán rẹ̀ bá wà, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè yìí kan àwa ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ju bí a ti rò lọ.

Irinṣẹ́ àti ọ̀nà

Kí a tó dájọ́ iṣẹ́ kan, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ní ọdún 1923 ni ilé iṣẹ́ Kodak gbé káméra oní mìlímítà 16 jáde fún àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ sinimá. Owó rẹ̀ wọ́n, nítorí náà àwọn ọlọ́rọ̀ ló kọ́kọ́ rà á. Ní ọdún 1932, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé ti dojú dé, ilé iṣẹ́ kan náà mú oní mìlímítà 8 jáde, èyí tí owó rẹ̀ rọjú. Ní ọdún 1935 ni fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Kodachrome dé. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn, pupa rẹ̀ àti àwọ̀ ojú ọ̀run inú rẹ̀ kì í tètè ṣá. Ọdún 2009 ni Kodak ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ́kun ṣíṣe é.

Róòlù kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 lọ. Ẹ rò ó wò: ìdílé kan rin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà, róòlù mẹ́ta péré ni wọ́n mú dání. Ìṣẹ́jú 12 ni gbogbo ohun tí wọ́n lè mú bọ̀ wálé. Ẹni tó di káméra mú ní láti ṣọ́ ọ ná bí ẹni tó ń ṣọ́ omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí nìyí tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi kúrú: òkè kan, kí a tó mọ bí ó ti rí, ó ti lọ, ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín, kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí afárá fi gba ipò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan lè pe èyí ní àìmọṣẹ́. Mo gbà pé ètò inú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ìdílé kan bá ná ìṣẹ́jú àáyá 5 lé lórí nínú fíìmù tí kò tó nǹkan, ohun tí wọ́n kà sí ni. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń ka ìnáwó ilé yóò mọ bí a ti ń ka fíìmù ìdílé.

Ọ̀nà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1913 ni wọ́n dá ọ̀nà Lincoln sílẹ̀ láti New York dé San Francisco. Ní ọdún 1926 ni Route 66 gba nọ́ńbà rẹ̀, láti Chicago lọ sí Los Angeles, ìrìn tó sún mọ́ kìlómítà 3,900. Ọ̀nà wa láti Kútọnu dé Malanville kò tó 800. Ẹ óò rí i pé ẹni tó rìn ín tán ti la orílẹ̀-èdè bíi tiwa kọjá bí ìgbà márùn-ún. Ní ọdún 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin ọ̀nà márosẹ̀ tuntun. Ó mú ìrìn yá, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké, ilé epo wọn àti ilé ìsùn wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó di ọdún 1985, wọ́n yọ Route 66 kúrò nínú ìwé àwọn ọ̀nà ìjọba. Ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn ìdílé dúró sí láti jẹun ni kò sí mọ́, àfi nínú àwọn róòlù wọ̀nyí.

Elégbè wà, apàlọ́ kò sí

Ọgbọ́n tí Prelinger dá rọrùn láti sọ. Ó gé ìrìnàjò ọ̀pọ̀ ìdílé, ó sì rán wọn pọ̀ di ìrìnàjò kan ṣoṣo láti òkun dé òkun. Ohun tí ìdílé kan bẹ̀rẹ̀, ìdílé mìíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló bá a parí. Kò sí orin nínú rẹ̀, kò sí ohùn tó ń ṣàlàyé. Prelinger sọ fún àwọn òǹwòran pé àwọn ni yóò pèsè ohùn: kí wọ́n béèrè, kí wọ́n dárúkọ ibi tí wọ́n bá dá mọ̀, kí wọ́n sì bá ara wọn jiyàn. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fi í hàn, ọ̀rọ̀ tí a óò gbọ́ kò ní jẹ́ bákan náà.

Èyí yóò yé àwa tí a jókòó sídìí àlọ́ ní kékeré ju bí yóò ti yé ẹni tó dàgbà nínú gbọ̀ngàn sinimá níbi tí wọ́n ti ń ní kí ènìyàn panu mọ́. Àlọ́ tí kò ní elégbè kò lè rìn jìnnà. Àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ń dáhùn, wọ́n máa ń gbe orin, wọ́n sì máa ń dá apàlọ́ dúró bí ó bá fo ibì kan. Ní ti èyí, mo kí Prelinger. Ó dá fíìmù padà sí ibi tí ìtàn ti ń wá, ìyẹn láàárín àwọn ènìyàn tó jókòó papọ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti rí àléébù iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àlọ́, apàlọ́ wà kí elégbè tó wà. Apàlọ́ mọ ọmọ ẹni tí ìjàpá jẹ́ àna fún. Ó mọ ìdí tí ọmọ òrukàn fi gba odò lọ. Nínú No More Road Trips? elégbè pọ̀, apàlọ́ kò sí. Ẹni tó bá mọ òpópónà kan lè kígbe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kígbe orúkọ obìnrin tó jókòó lórí àga ọkọ̀ níwájú, tó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn? Nígbà tí a bá rán ìdílé mẹ́wàá pọ̀ di ìdílé kan, ìdílé yẹn ni a óò máa pè ní Amẹ́ríkà. Obìnrin yẹn ti di àmì. Ó ti di "àwọn ará ìgbà yẹn".

Mo fi díẹ̀ lára irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀, èyí tí Prelinger fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti wò, han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì Terminale. Mo rò pé òkè gíga àti ọkọ̀ ńláńlá ni wọn yóò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde ni pé: "Bàbá wọn dà?" A rí ìyá, a rí ọmọ mẹ́ta, a rí ajá, ṣùgbọ́n a kò rí bàbá. Ó gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹnì kan tó sọ pé bàbá ló di káméra mú. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti wo àwọn ọmọ náà bí wọ́n ti ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, bàbá wọn ni wọ́n ń rín in sí. Ọwọ́ tí wọ́n ń jù, wọn kò jù ú sí wa. Àwa ni àlejò tó wọlé láìkàn ilẹ̀kùn. Òye yìí ni mo rò pé iṣẹ́ Prelinger tètè gbà lọ́wọ́ òǹwòran, nítorí pé ó ní kí gbogbo wa sọ̀rọ̀ bí onílé.

Àwọn tí ọ̀nà náà kò ṣí fún

Ẹ̀dùn ọkàn mìíràn wà nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí tí kì í hàn lójú àwòrán. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ló lè dúró níbi tó bá wù wọ́n. Ní ọdún 1936, Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní Harlem, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí gbogbo ènìyàn wá mọ̀ sí Green Book. Orúkọ àwọn ilé ìsùn, ilé oúnjẹ àti ilé epo tí yóò gba aláwọ̀ dúdú tó ń rìnrìn àjò ló wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, òfin ọdún 1964 ló sì wá kà á léèwọ̀ fún ilé ìsùn àti ilé oúnjẹ láti lé ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ìdílé aláwọ̀ funfun kan tó sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsùn, tí àwọn ọmọ sì sáré wọlé, ohun tí a ń wò kì í ṣe ayọ̀ ìsinmi nìkan. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí ni a ń wò. Fíìmù náà kò sọ pé ó tì mọ́ ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó yà á kò ní ìdí láti mọ̀. Olùgbéyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi wé ti Prelinger ni ti Àlùfáà Solomon Sir Jones. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ọmọ àwọn tó ti ṣe ẹrú rí. Láàárín ọdún 1924 sí 1928, ó ya àwọn aláwọ̀ dúdú ìpínlẹ̀ Oklahoma sínú fíìmù oní mìlímítà 16: ilé ìjọsìn, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtajà, oko, ayẹyẹ. Ó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun pẹ̀lú, ó sì gbé káméra rẹ̀ dání. Róòlù 29 nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Beinecke ní Yunifásítì Yale, àwọn mìíràn sì wà ní ilé àkójọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington. Ní ọdún 2016, wọ́n kà á mọ́ àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ohun méjì ni mo kíyè sí nínú iṣẹ́ Jones. Ó máa ń gbé káméra síwájú ilé kan, tí yóò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú olúkúlùkù lè hàn. Lẹ́yìn èyí, ó máa ń to lẹ́tà sórí pátákó, tí yóò sì ya pátákó náà: ibi báyìí nìyí, àwọn báyìí nìyí. Kò sí ọgbọ́n sinimá ńlá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Jones mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sáré kọjá lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà kò rò. Ó mọ̀ pé ẹni tí ayé ti máa ń wò láìdárúkọ rẹ̀, àwòrán nìkan kò lè gbà á. Àwọn babańlá wa kò fi orúkọ àti oríkì ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí a bá ki ènìyàn, a ti ya ẹni náà sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀pọ̀. Pátákó Jones ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Láàárín àwọn méjèèjì ni mo fi Robbins Barstow sí, ará Wethersfield ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ní ọdún 1956, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe téèpù tí a fi ń lẹ ìwé ṣe ìdíje. Ọmọkùnrin Barstow àbíkẹ́yìn, ẹni ọdún 4, wà lára àwọn tó yege, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni kí gbogbo ìdílé lọ sí Disneyland ní Kalifọ́níà. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n wọ̀ kọjá orílẹ̀-èdè náà, ṣùgbọ́n àwòrán tí bàbá náà mú bọ̀, Disneyland Dream, bá ẹgbẹ́ àwọn yòókù mu: ẹ̀rín, ọwọ́ jíjù, àwọn aládùúgbò tó wá dágbére. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Barstow fi ohùn ara rẹ̀ sí i ní ọdún 1995, nígbà tó ti dàgbà. Bàbá tó di káméra mú wá di apàlọ́. Ó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí a tó tan káméra àti lẹ́yìn tí a pa á. Ní ọdún 2008 ni wọ́n gba fíìmù náà sínú àkójọ tí wọ́n gba ti Jones sí.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tó fi agbára orúkọ hàn. Nínú fíìmù Barstow, ọmọdékùnrin kan kọjá nínú ọgbà Disneyland; ìwé ló ń tà fún àwọn àlejò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó bìkítà fún un. Nígbà tó yá, gbajúmọ̀ aláwàdà Steve Martin wo fíìmù náà, ó sì sọ pé òun ni ọmọ yẹn. Àwòrán náà kò yí padà, ṣùgbọ́n lónìí àwọn ènìyàn ń wá ibẹ̀ kiri láti wò ó. Orúkọ kan péré ló yí i padà.

Ìdájọ́ mi, àti ọ̀rọ̀ tó kan ilé

Ìdájọ́ mi nìyí. No More Road Trips? jẹ́ iṣẹ́ tó dára fún àwọn tí orúkọ wọn wà ní ibòmíràn. Ẹni tí ìwé ìjọba, ìwé ìròyìn àti sinimá ti sọ ìtàn rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà lè fàyè gba fíìmù tó sọ ọ́ di aláìlórúkọ fún wákàtí kan. Ó tilẹ̀ lè sinmi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí ẹlòmíràn ló sábà máa ń ya àwòrán wọn, àìlórúkọ kì í ṣe ìsinmi. Ọ̀nà Jones ni ó yẹ kí irú wọn tọ̀.

Irú wọn náà sì ni wá. Ní ọdún 1930, Frédéric Gadmer gbé káméra Albert Kahn wá sí Dahomey pẹ̀lú Fadá Francis Aupiais, tó ti gbé ní Àjàṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ohun tí wọ́n yà wà ní ilé àkójọ Albert-Kahn ní Boulogne-Billancourt títí di òní, ó sì níye lórí. Ṣùgbọ́n àlejò ló di káméra mú, ohun tí àlejò fẹ́ rí ni ó yà. Ní ọdún 1934, ìjọba Faransé ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà láìgba àṣẹ. Nígbà tí Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1925, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Afrique-sur-Seine ní ọdún 1955, ìlú Paris ni wọ́n ti yà á. Nígbà tí àwọn bàbá ní Connecticut ń ya ọmọ wọn nínú ọgbà ìṣeré, ọ̀pọ̀ bàbá níhìn-ín kò ní ju àwòrán kan ṣoṣo lọ, èyí tí ayàwòrán ìlú yà fún wọn lọ́jọ́ ọdún.

Káméra dé ọwọ́ wa nígbà tó yá, ní ìrísí fídíò. Ìyàwó ṣíṣe, ìsìnkú àgbà, ìsọmọlórúkọ, ìrìnàjò láti Kétu lọ kí ẹbí ní òkè ààlà: gbogbo rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Níbo ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà? Wọ́n wà lábẹ́ ibùsùn, wọ́n wà lórí àjà níbi tí ooru ti ń jó wọn, ọ̀rinrin sì ti ń bu funfun sí wọn lára. Ẹ̀rọ tí a fi ń wò wọ́n ti ń wọ́n. Èyí tó sì burú ju ọ̀rinrin lọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ lára pákó wọn: "mariage" tàbí "cérémonie". Ìyàwó ta ni? Òkú ta ni? Ní ìlú wo? Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì jókòó nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bi í.

Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn olùtọ́jú fíìmù ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń gbé fíìmù ilé wọn wá kí gbogbo wọn lè jọ wò ó. Kò sí ohun tó ní kí ẹgbẹ́ wa má ṣe irú rẹ̀. Mo dá a lábàá pé ní àkókò ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó ń bọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú ilé wọn, kí ó wá ibi tí wọn yóò ti bá a kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ó sì gbé e síwájú àgbà kan nínú ẹbí. Kí ó tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ inú fóònù rẹ̀, kí ó sì béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Ta nìyí? Ibo nìyí? Ta ni ó di káméra mú? Ohun tí àgbà náà bá sọ, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. A óò tẹ èyí tó bá dára jù sínú ìwé ìròyìn yìí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ilé.